Òpó Irin Tàbí Òpó Igi: Èwo Ló Ń Di Igun Ọgbà Oko Mú?

Ẹni tó bá fẹ́ fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí oko ká, iye róòlù tí yóò rà ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣírò. Igun ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Gbogbo wáyà tí a bá fà le, òpó igun ni wọ́n ń fà. Bí òpó yẹn bá yẹ̀, gbogbo ìlà ọgbà ti dẹ̀ nìyẹn. Mo ti lo irin, mo ti lo igi, lóko ẹ̀gẹ́ mi ní Òkè-Ògùn.

Irin kọ́kọ́ wù mí nítorí ikán. Wẹ́dà á jó ẹsẹ̀ àtì tó dà gẹ̀rẹ̀ mọ́ òpó, ẹ ó da kọnkéré sí i nídìí, ọjọ́ kan ti parí rẹ̀. Ó máa ń dógùn-ún níbi tó ti wọlẹ̀, olè sì fẹ́ràn rẹ̀ ju igi lọ.

Ẹsẹ̀ àtì yẹn ló jẹ owó mi. Wẹ́dà tó bá mi ṣe é fẹ́ dín irin kù, ó gé e kúrú. Ìdí rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 sí òpó lọ. Àtì tó bá nàró báyẹn kì í lè ti òpó sẹ́yìn. Bí wáyà ṣe ń fà, ńṣe ló ń hú òpó sókè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ le, a ò mọ nǹkan kan. Òjò wá dé, ilẹ̀ rọ̀. Mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kọnkéré ìdí òpó ti yọ bí eyín tó fẹ́ bọ́, ọwọ́ mi wọ abẹ́ rẹ̀. Wáyà ń mì bí okùn ìsáṣọ. Màlúù ti wọlé lóru, ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta ewé ni wọ́n jẹ.

Ti igi, òpó méjì ni fún ọ̀nà kan tí wáyà gbà, pẹ̀lú igi ìdábùú kan lókè láàárín wọn. Ẹ ri òpó wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Bí ọgbà bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ìdábùú gùn tó 8, ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ẹ so wáyà oníṣẹ̀ẹ́po méjì láti ìdí òpó igun lọ sí orí òpó kejì. Ẹni tó bá so ó lódìkejì, òfo ló so. Ẹ ki igi kékeré bọ àárín rẹ̀, kí ẹ máa lọ́ ọ títí yóò fi dún bí ọsán ọrun tí ẹ bá fi ìka ta á. Bí wáyà ọgbà bá ti ń fa orí òpó igun, ìdábùú á gbé e fún òpó kejì, wáyà tí ẹ lọ́ á sì dì í mú.

Ikán ńkọ́? Tíìkì tí inú rẹ̀ ti pọ́n ni kí ẹ rà. Eyí tó ṣì funfun, wọn á jẹ ẹ́. Bí ẹ bá rí igi àyìn, ẹ má dúnàádúrà púpọ̀.

Ilẹ̀ olókùúta tí kò ṣeé gbẹ́ jìn, irin dára níbẹ̀, bí àtì rẹ̀ bá gùn dáadáa. Igun kan ń kọjú sí ọ̀nà méjì, nítorí náà, tó bá jẹ́ igi, òpó 3 àti ìdábùú 2 ló ń gbà, ọ̀nà méjèèjì ló ń pín òpó igun lò. Igun onírin méjì ló kù lóko mi. Tíìkì 6 àti ìdábùú 4 ti wà nílẹ̀ lẹ́bàá ahéré, kí òjò tó dé ni màá hú irin wọ̀nyẹn.