Maryland State House, Annapolis: ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ mú ID dání o

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Maryland, tí àlejò bá wá bá yín láti ilé tí lílọ mall sì ti sú yín, ẹ gbé e lọ sí Maryland State House, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ní Annapolis. Èmi àti àbúrò mi la lọ ní Sátidé, kọ́bọ̀ wọn ò gbà lọ́wọ́ wa, àmọ́ ID tó ní fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, àbúrò mi sì ti gbàgbé tiẹ̀ sínú mọ́tò, la bá tún rìn padà síbi tá a páàkì sí, ibi tí owó ẹ̀ wọ́n bí ojú.

Old Senate Chamber, yàrá táwọn aṣòfin ń lò láyé àtijọ́, ni mo torí ẹ̀ lọ. Ère idẹ George Washington wà níbẹ̀, ó dúró bó ṣe dúró ní December 23, 1783 tó fi ipò ọ̀gágun àgbà àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ìwé tó kà lọ́jọ́ náà, tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ, wà nínú gíláàsì lábẹ́ òrùlé rìbìtì ilé náà, ẹ máa rí ibi tó ti fa igi lé ọ̀rọ̀. James McHenry, ọmọ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tó wà níbẹ̀, kọ̀wé sí àfẹ́sọ́nà ẹ̀ pé ọwọ́ ọ̀gágun ń gbọ̀n bó ṣe ń kà á.

Àwọn tó ń kà á fún ló pa mí lẹ́rìn-ín. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìjọba Amẹ́ríkà ìgbà náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ borí ọba Gẹ̀ẹ́sì, ìpínlẹ̀ 7 péré nínú 13 ló wá! Ìwé àdéhùn àlàáfíà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì sì ń dúró, ìpínlẹ̀ 9 ló gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó lè fọwọ́ sí i, January 14, 1784 ni wọ́n tó rí i ṣe. Ẹni tó bá ní Nàìjíríà nìkan ló mọ pípẹ́ dé ìpàdé, kó wá gbọ́.

Ìjọba yẹn dà bí ẹgbẹ́ tí ò lè fagbára gba owó ẹgbẹ́. Kò lè bu owó orí fẹ́nì kankan, ó kàn ń bẹ àwọn ìpínlẹ̀ ni, ẹni tó bá wù á san, ẹni tí ò wù á ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní káwọn ìpínlẹ̀ jẹ́ kóun gba 5 percent lórí ọjà tó ń wọlé, Rhode Island lóun ò gbà, ó parí nìyẹn, torí gbogbo àwọn 13 ló gbọ́dọ̀ gbà. Maryland náà ò mọ́ o, òun ló fọwọ́ sí ìwé ìṣọ̀kan tó so àwọn 13 pọ̀ gbẹ̀yìn ní 1781, torí ó ní àfi kí Virginia yọwọ́ nínú ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn tó ń pè ní tiẹ̀. Ní 1786 wọ́n pèpàdé òwò sí Annapolis yìí kan náà, ìpínlẹ̀ 5 ló yọjú, Maryland tó ni ìlú gan-an ò rán ẹnì kankan (mo rẹ́rìn-ín títí), àwọn aṣojú 12 tó wá ló ní kí gbogbo wọn tún pàdé ní Philadelphia lọ́dún kejì.

Ìràwọ̀ 5 fún ilé náà, òdo fún owó páàkì. Ẹ wọ bàtà tó rọ̀, orí òkè ló wà.