Mo fi 120 dọ́là wo Sapelo, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń wa tírélà gba I-95 láti Savannah lọ sí Jacksonville. Bí mo bá dé Exit 49 ní Darien, màá ra dísù, màá tọ̀, màá mu kọfí, màá bá tèmi lọ. Ohun tí mo mọ̀ nípa McIntosh County, Georgia, kò ju igi páìnì àti pátákó tó ń polówó edé lọ. Ìyá Kúdí ló rí i lórí fóònù pé ẹnì kan ń fi bọ́ọ̀sì mú àlejò kiri Sapelo, erékùṣù kan tó wà lábẹ́ káúńtì yẹn. Ó ní, "Bàbá Kúdí, ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn ní gbogbo ìgbà, ẹ ò yà kí wọn rí?" Ni a bá gba ààyè: 120 dọ́là fún èmi, òun àti Kúdí tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ ná. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pe nọ́ńbà wọn kí wọ́n tó gbé e. Owó ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà, àárọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, mo sì sáré padà sí Darien lọ wá ATM nígbà tó kù bí wákàtí kan kí ọkọ̀ ojú omi gbéra. Bọ́ọ̀sì tó pàdé wa lódìkejì ti gbó. Fóòmù àga ti yọ síta, AC ti kú, fèrèsé la ṣí, kantíkantí sì bá wa wọlé. Kantíkantí ibẹ̀ kéré débi pé ojú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, àfi kí ẹ ṣáà máa họra. Ó jẹ Ìyá Kúdí dé abẹ́ ìborùn.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà tún wà ńbẹ̀. Kí a tó wọ ọkọ̀, a yà sí ilé oúnjẹ kan lójú ọ̀nà US 17. Mo rí ìrẹsì pupa nínú àwo oníbàárà kan, tòmátì rẹ̀ ń dán, gbogbo ara rẹ̀ ń pariwo pé jọ̀lọ́ọ̀fù lòun. Mo bi ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ bóyá ẹlẹ́dẹ̀ wà ńbẹ̀. Ó ní, "Rárá o, kò sí ẹlẹ́dẹ̀, bẹ́kìnnì nìkan ni." Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ náà sì ni bẹ́kìnnì! Kúdí fẹ́ẹ̀ kú sẹ́rìn-ín. Edé díndín la jẹ, lẹ́yìn tí mo ti rán ọmọ náà lọ bi kúùkù nípa òróró ẹ̀ẹ̀mejì. Ìyẹn dùn, kí n má purọ́. Darien ni àwọn ọkọ̀ edé wọn máa ń so mọ́, àwọ̀n wọn ń fì lókè bí aṣọ tí a sá.

Ìrẹsì yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, torí pé ìrẹsì ló kó ọ̀pọ̀ ènìyàn dé káúńtì yẹn. Tí ẹ bá sọdá odò Altamaha ní gúúsù Darien, ẹ ó rí ṣímínì bíríkì gíga kan tó dá dúró. Ohun tó kù nínú ilé tí wọ́n ti ń bó èèpo ìrẹsì ní Butler Island nìyẹn. Nígbà tí gbèsè wọ Pierce Butler, ẹni tó ni oko ìrẹsì náà, lọ́rùn, ó kó ẹrú 436 sí ọjà ní Savannah ní March 1859, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ná wọn. Savannah tí mò ń gbé, tí mò ń sanwó ilé níbẹ̀! Ó di ọjọ́ tí mo lọ sí Sapelo kí n tó gbọ́ ọ.

Etíkun Meridian la ti wọ ọkọ̀. Ẹ má rò pé ẹ kàn lè dìde kí ẹ máa lọ. Àfi kí ẹnì kan lórí erékùṣù gbà yín lálejò tàbí kí ẹ wà lára àwọn tí wọ́n ń mú kiri. Kò sí afárá. Ohun tó wà láàárín ilẹ̀ àti erékùṣù náà kì í ṣe òkun, kì í sì í ṣe ilẹ̀: koríko gígùn lórí ẹrẹ̀ dúdú, tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ejò. Nígbà tí à ń lọ, omi ti fà, ẹrẹ̀ hàn síta, ìkarahun òísítà sì tò sí etí rẹ̀ bí eyín. Nígbà tí à ń bọ̀, omi ti kún bo gbogbo rẹ̀, ṣóńṣó koríko nìkan ló yọrí. Ìyẹn ju gíga ọkùnrin lọ láàárín wákàtí bíi mẹ́fà. Mo wo ẹrẹ̀ yẹn títí, mo ń rò ó pé ta ló lè sálọ gba inú rẹ̀.

Wàyí o, ẹni tó mú wa kiri. Màmá kan ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orí erékùṣù náà ni wọ́n bí i sí. Bí mo ṣe sọ pé Nàìjíríà la ti wá, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé." Láti ìgbà yẹn ni mo ti dárí AC jì í.

Ọ̀dọ̀ Bilali ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ orúkọ náà, etí mi ta, torí pé ilé kéwú bàbá mi ní Ìwó kì í ṣaláìní Bílálì kan. Bilali yìí, Timbo ní Futa Jallon, ilẹ̀ Guinea òde òní, ni wọ́n ti kó o. Fúlàní ni, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ di ọmọ Yorùbá nítorí àtifi yangàn. Ó kọ́kọ́ ṣẹrú ní Bahamas kí Thomas Spalding, olóko ńlá kan, tó rà á wá sí Sapelo. Ó ń kírun, ó ń ka tẹ̀sùbáà, ó sì kọ ìwé sílẹ̀ lédè Lárúbáwá, ojú ewé 13, tó wà ní Yunifásítì Georgia títí dòní. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ìwé ìrántí ayé rẹ̀ ni. Nígbà tí onímọ̀ èdè kan, Joseph Greenberg, gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àfáà ní Kánò, wọ́n rí i pé inú Rísálà ló ti wá, ìwé òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní ìlànà Málíkì. Ara mi ṣe gìrì. Rísálà kan náà ni bàbá mi fi ń nà wá! Ẹni tí wọ́n kó wọ ọkọ̀ ẹrú láìní nǹkan lọ́wọ́ ń fi orí rántí ìlànà àlùwàlá àti ìrun, ó ń kọ ọ́ sórí ìwé ní Georgia.

Màmá kò sì fi èyí tó korò pa mọ́. Bilali ni ọ̀gá lórí àwọn ẹrú yòókù. Lásìkò ogun 1812 láàárín Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, ìbọn bí ọgọ́rin ni Spalding kó fún òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ láti ṣọ́ erékùṣù. Ẹrú tó ń gbé ìbọn ṣọ́ oko olówó rẹ̀: mi ò tíì mọ bí màá ṣe gbé ìyẹn. Bọ́ọ̀sì dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló sọ ti Katie Brown, ọmọ-ọmọ-ọmọ Bilali. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn tí ìjọba rán láti gba ìtàn ẹnu àwọn àgbà sílẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, ó sì sọ bí ìyá àgbà rẹ̀, Margaret, ṣe máa ń rẹ ìrẹsì, tí á gún un, tí á fi oyin pò ó, tí á sì pín in fún àwọn ọmọdé. Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ afẹ́fẹ́ pẹlẹbẹ láti fi bó ṣe rí hàn wá. Ó ní orúkọ tí wọ́n ń pè é ni "saraka." Kúdí, tí kì í fẹ́ sọ Yorùbá níta, ló kígbe láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì: "Sàráà ni! Mọ́mì, sàráà ni!" Màmá ní kó tún un pè. Ó pè é. Màmá náà pè é tẹ̀lé e, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ṣì ń ṣe é?" Ìyá Kúdí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ká ní ibẹ̀ la ti padà sílé, owó mi ti pé.

A rí ṣọ́ọ̀ṣì, a rí ògiri tábì, ìyẹn kọnkéré àtijọ́ tí wọ́n fi ìkarahun òísítà, ẹ̀fun rẹ̀, yanrìn àti omi pò. A rí ilé iná atukọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1820. Ilé ńlá tí Reynolds, ọmọ olówó tábà, rà ní 1934 náà wà ńbẹ̀. Ilé lásán ni lójú mi. Ohun tí ẹ ó bi màmá ni bí ọkùnrin yẹn ṣe kó àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò ní abúlé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi wá ku Hog Hammock nìkan, bí 430 éékà, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ ni gbogbo ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ di tirẹ̀.

Níbẹ̀ ni iye ènìyàn ti di ohun tí ojú ń rí. Káúńtì náà lápapọ̀ ní 14,333 ènìyàn ní 2010. Ní 2020 ó ti di 10,975. Mo ti ka irú rẹ̀ rí, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n màmá ń wakọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń nàka: "Ẹni tó ni èyí ti kú. Àwọn ti èyí wà ní Brunswick. Èyí, ọmọ wọn máa ń wá lọ́dún Kérésìmesì." Ilé ìwé orí erékùṣù ti tì láti 1978, ọkọ̀ ojú omi làwọn ọmọ ń wọ̀ lọ sílé ìwé. Láàárín àwọn ilé kéékèèké yẹn ni ilé tuntun gogoro ti ń yọjú lórí òpó. Ní 2023 ni káúńtì gbé ìwọ̀n ilé tí èèyàn lè kọ́ síbẹ̀ láti 1,400 sí 3,000 ẹsẹ̀ níbùú lóròó, àwọn ará ibẹ̀ sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Màmá ní owó orí ilẹ̀ ló ń ba òun lẹ́rù ju ìjì lọ.

Ní èbúté, ó rẹ ohùn sílẹ̀. October 2024, ọjọ́ ọdún àṣà wọn, afárá tí èrò ń gbà wọ ọkọ̀ já, ènìyàn méje sì kú. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ò sì bi í.

Àlébù kan tó kù ni pé kò sọ nǹkan kan nípa Darien fúnra rẹ̀. Ẹ wá àyè yà síbẹ̀ fúnra yín. Àwọn ará Scotland ló tẹ ìlú náà dó ní 1736. Ní 1739, méjìdínlógún nínú wọn fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ò fẹ́ ẹrú ní Georgia. Ẹ wo ohun tó wá dé lẹ́yìn rẹ̀. Ní June 1863, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun Àríwá, tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ nínú wọn, dáná sun ún.

Ẹ má lọ tí ẹ bá ń wá ibi ìgbádùn, kò sí búkà, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ gbé omi, ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ẹ mú owó ọwọ́ dání. Ẹ bu díẹ̀ kún un fún ẹ̀wà pupa tí màmá ń tà nínú ọ̀rá, dọ́là mẹ́wàá. Ó wọ́n, àmọ́ orí ilẹ̀ wọn ni wọ́n ti gbìn ín. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e la sè é. Ó kéré ju ẹ̀wà olóyin lọ, ó sì jinná láìfi káún sí i. Mo ti pe màmá pé kó fi ọ̀rá méjì sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo pè tó fi gbé e.