Síkì ní Lesotho: ohun tí ojú ọmọ abẹ́ Olúmọ rí ní Afriski

Àjẹ́ǹtì tó kọ́kọ́ gba owó wa ní Abẹ́òkúta, mi ò ní dárúkọ wọn, ìrìn àjò oṣù Kejìlá ni wọ́n tà fún wa, ká lọ ṣe síkì, ìyẹn fífi igi pẹlẹbẹ méjì sábẹ́ bàtà yọ̀ lórí yìnyín, ní Lesotho, orílẹ̀-èdè kékeré tí South Africa yí ká. Wọ́n ní ṣebí ìgbà ọyẹ́ ni, ìgbà yẹn ni òtútù máa ń mú. Àbúrò mi tó ń gbé Johannesburg ló bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù: "Bọ̀dá mi, ooru lẹ máa bá níbí ní Kérésì o. Oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni òtútù tiwa." Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn kí n tó gba owó mi, kò sì pé.

Oṣù Keje la wá lọ. Orí àwọn òkè Maluti ní Lesotho ni Afriski, ibi tí wọ́n ti ń ṣe síkì, wà, níbi tí wọ́n ń pè ní Mahlasela. Láti Johannesburg, àbúrò mi wakọ̀ fún bíi wákàtí márùn-ún. Gbàrà tí a kọjá Butha-Buthe, ọ̀nà Moteng bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ejò. Ìyá Ìbejì tó ti ń pa wá lẹ́rìn-ín bọ̀ kàn dákẹ́ ni, tó wá ń kọ orin ìjọ lábẹ́lẹ̀. Àwọn darandaran tó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bora ń wò wá lẹ́bàá ọ̀nà. Àbúrò mi ń sọ bí ọba Moshoeshoe ṣe kó àwọn èèyàn rẹ̀ gun òkè Thaba Bosiu ní 1824 nígbà tí ogun le. Mo ní kó má wulẹ̀ sọ ìyẹn fún ọmọ Ẹ̀gbá. Ní 1830, kí làwọn bàbá wa wá ṣe lábẹ́ Olúmọ?

Òkè Afriski kì í ṣe ẹgbẹ́ Olúmọ o. Orí rẹ̀ ga tó 3,222 mítà. Téèyàn bá to Olúmọ mẹ́tàlélógún léra, kò tíì débẹ̀. Àlejò á mọ̀ ọ́n lára. Àtẹ̀gùn mẹ́wàá péré, mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, orí sì fọ́ mi títí di ọjọ́ kejì. Ẹ máa mu omi dáadáa, ẹ má sì sáré ṣe ohunkóhun lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Yìnyín ńkọ́? Èyí tí a mọ̀ nílé ni èyí tó ń lu páànù. Tibẹ̀ rọ̀ bí òwú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀: wọ́n á máa tu omi sáfẹ́fẹ́ lóru, òtútù á sì sọ ọ́ di yìnyín. Ojú ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ funfun báláú, gbogbo òkè tó yí i ká sì jẹ́ koríko gbígbẹ bíi ti Odédá lásìkò ọyẹ́. Ìyá Ìbejì bínú díẹ̀ nítorí fọ́tò.

Bàtà síkì le bí ẹni pé wọ́n fi sìmẹ́ńtì dì í. Olùkọ́ wa ní sùúrù gan-an. Ó ní kí n kó ṣóńṣó igi síkì méjèèjì jọ níwájú, kí n ya ẹ̀yìn wọn. Ìyẹn ni bíréèkì. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mọkànlá. Ìyá Ìbejì ló ń kà á. Láti dókè, irin kan lẹ ó fi ìdí tì, tí okùn á máa fà yín lọ. Wọ́n ní ká má jókòó lé e. Mo jókòó lé e. Ojú yíyọ̀ tó gùn jù kò ju nǹkan bíi kìlómítà kan lọ. Ẹni tó ti mọ síkì dáadáa lè ní ó kéré, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta tí mo yọ̀ débi tó parí láìṣubú, mo pariwo débi pé àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Jákẹ́ẹ̀tì òkìríká tí mo rà ní Kútọ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa. Jíǹsì ni kẹ́ ẹ má wọ̀: ó máa ń fa omi. Ẹ háyà ṣòkòtò tí omi kì í wọ̀. Ráǹdì South Africa ni a ná. Òun àti lọ́tì tiwọn kò jura wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ló kù. Ìyá Ìbejì gbé ìrẹsì ọ̀fadà dání láti ilé. Ní irú ibi tó ga bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 90°C ni omi ti ń hó, kò lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkòkò ń hó, ìrẹsì ń wò wá. Aago mẹ́wàá alẹ́ la tó jẹun, kò sì tíì rọ̀. A máa padà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀fadà á dúró sílé.