Snopes: Ibi Tí Mo Ń Gbé Ìkìlọ̀ Fáírọ́ọ̀sì Lọ

Ẹni tó bá ti ń lo ímeèlì tipẹ́ yóò ti gba irú ìkìlọ̀ yìí rí: fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà tuntun ti dé, kò sí ohun tó lè mú un, ẹ tètè fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ mọ̀. Ibi tí mo máa ń gbé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ ni Snopes, ìkànnì tó ń yẹ àhesọ wò bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́, tí David Mikkelson dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994.

Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé wọn kì í kàn sọ pé irọ́ ni. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà kalẹ̀, kí wọ́n tó tú u wò. Ẹ wo ti jdbgmgr.exe, tó jà rànyìn ní ọdún 2002. Lẹ́tà náà ní kí ènìyàn wá fáìlì kan tí àwòrán béárì kékeré wà lára rẹ̀, pé fáírọ́ọ̀sì ni, pé ó máa ń sùn fún ọjọ́ 14 kó tó ṣọṣẹ́, pé McAfee àti Norton, àwọn ètò apa-fáírọ́ọ̀sì, kò lè rí i, àti pé kí onítọ̀hún pa á rẹ́ kíákíá. Ẹni tó bá sì wá a yóò bá béárì náà níbẹ̀ lóòótọ́, èyí tó mú kí àyà àwọn tó mojú kọ̀ǹpútà pàápàá já. Bẹ́ẹ̀, Microsoft fúnra rẹ̀ ló fi fáìlì náà sínú Windows, fún ìlò àwọn tó ń fi Java kọ ètò kọ̀ǹpútà. Kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀. Ẹni tó gba lẹ́tà gbọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ ba nǹkan jẹ́.

Àbùkù wọn kò ṣàìsí. Ìpolówó ọjà ti pọ̀ jù lójú ìwé wọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́, èyí tí kò ní ran màmá tó gba ìkìlọ̀ ní Yorùbá lórí WhatsApp lọ́wọ́ púpọ̀. Ní ọdún 2021 pàápàá, àṣírí tú pé Mikkelson ti ń da ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀ròyìn mìíràn kọ.

Ó sì níbi tí agbára wọn mọ. Fáírọ́ọ̀sì ILOVEYOU ti ọdún 2000 kì í ṣe àròsọ rárá, fáìlì tó so mọ́ ímeèlì ló sì gbé e wọlé. Bí fáìlì bá so mọ́ lẹ́tà tí ẹ gbà, ìkànnì VirusTotal ló yẹ kí ẹ fi hàn, nítorí ó ń fi ọ̀pọ̀ ètò apa-fáírọ́ọ̀sì yẹ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìwé àṣírí yín síbẹ̀, nítorí àwọn ẹlòmíràn lè rí i.