Bẹ́ljíọ̀mù, tuntun inú ọ̀rá, tuntun olórúkọ: fáànù bẹ́ẹ̀tì wo ni kí ẹ rà?

Ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù páàtì ní Sábó l'Ìkòròdú, tí ẹ ní fáànù bẹ́ẹ̀tì lẹ wá rà, ohun tí ọlọ́jà máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ọ̀gá, Bẹ́ljíọ̀mù ni àbí tuntun?" Bẹ́ljíọ̀mù ni tòkunbọ̀, èyí tí wọ́n tú lára ẹ́ńjìnnì lókè òkun. Tuntun náà sì pín sí méjì: ọ̀kan wà nínú páálí tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, òmíràn wà nínú ọ̀rá lásán. Èsì tí ẹ bá fún ọlọ́jà yẹn ló máa sọ bóyá mọ́tò á gbé yín dé Mile 12 tàbí ẹ máa dúró sí Ògòlóńtò.

Èmi ti dúró sí Ògòlóńtò rí. Corolla mi ló ń ké fíììì tí mo bá ṣáná sí i láàárọ̀, mo wá ra Bẹ́ljíọ̀mù torí pé owó rẹ̀ kò wọ́n, ojú rẹ̀ sì mọ́, kò sán níbì kankan. Kò pé oṣù méjì. Iná bátìrì pupa ló kọ́kọ́ tàn, sítíárìn le gbagidi mọ́ mi lọ́wọ́, kí n tó rí ibi yà sí, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ti ń gòkè. Bẹ́ẹ̀tì ti já. Mo pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ohun tó kó mi yọ nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun á rọra wà á délé lè fi gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì tó jó san án.

Bẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yìí ló ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, tó sì ń yí àtánétọ̀ tó ń rọ iná sí bátìrì, pọ́ǹpù sítíárìn, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ AC, àti nínú irú Corolla tèmi, pọ́ǹpù omi tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì tutù. Orúkọ àtijọ́ la ṣì fi ń pè é ní fáànù bẹ́ẹ̀tì. Iná ló ń yí fáànù rédíétọ̀ irú àwọn mọ́tò wọ̀nyí báyìí.

Bí Bẹ́ljíọ̀mù ṣe ń tan ojú jẹ

Rọ́bà tí wọ́n ń pè ní neoprene ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀tì láyé àtijọ́. Bó bá ti gbó, á sán, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ wò á rí i. Láti nǹkan bí ọdún 2000 wá, rọ́bà mìíràn tí wọ́n ń pè ní EPDM ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò. Èyí kì í tètè sán. Ṣe ló ń jẹ bíi táyà. Ó lè jẹ tán kí ẹ má rí ìlà kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ibi tí ẹ ti máa dá a mọ̀ ni àfo tó wà láàárín eyín bẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn ibi tó yọ sókè gbọọrọ yí inú rẹ̀ ká: ti tuntun rí bíi lẹ́tà V, ti èyí tó ti jẹ á fẹ̀ nísàlẹ̀ bíi lẹ́tà U, eyín fúnra rẹ̀ á sì tín-ín-rín. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú oòrùn, ẹ máa rí i.

Bẹ́ẹ̀tì tó dára lè rìn tó 100,000 kìlómítà. Èyí tó ti òkun dé, kò sẹ́ni tó lè sọ fún yín mélòó ló kù nínú rẹ̀, títí kan ẹni tó ń tà á.

N kò bá Bẹ́ljíọ̀mù jà o. Àtánétọ̀ tó wà nínú mọ́tò mi lónìí, Bẹ́ljíọ̀mù ni, mi ò sì ní fi í pààrọ̀ ọ̀pọ̀ tuntun tí mo ti rí. Ṣùgbọ́n rọ́bà ni bẹ́ẹ̀tì.

Páálí àti ọ̀rá

Ẹ yí ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀tì wò, ẹ máa rí nǹkan bíi 7PK1935. 7 ni iye eyín, PK ni irú eyín náà, 1935 ni gígùn rẹ̀ ní mìlímítà. Ẹ fi èyí wé ti ara bẹ́ẹ̀tì yín àtijọ́, kí ẹ sì fi èékánná ka eyín fúnra yín. Mo ti ka mẹ́fà rí lára èyí tó ti inú ọ̀rá jáde, tí wọ́n kọ 7 sí lẹ́yìn. Ọlọ́jà ní, "Ẹ̀gbọ́n, mẹ́fà náà á gbé e." Kò ní gbé e pẹ́. Iṣẹ́ ẹni méje lẹ kó fún ẹni mẹ́fà, ọjọ́ tí ẹ bá tan AC nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ máa mọ̀.

Nínú àwọn olórúkọ, Kobe ní ilẹ̀ Jàpáànì ni Bando àti Mitsuboshi ti wá, Gates jẹ́ ti Amẹ́ríkà, Continental jẹ́ ti Jámánì. Bando àti Mitsuboshi wà lára àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀tì fún àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò Jàpáànì fúnra wọn, nítorí náà ẹni tó bá ta kú pé páálí Toyota nìkan lòun fẹ́, owó páálí ló ń san kún un. Olórúkọ ni èmi ń rà. Ayédèrú wà nínú wọn náà: ẹ fi ìka tọ́ etí rẹ̀ yíká, kó má ní òwú tó ń yọ, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ sì bá ti páálí mu. Èyí tí wọ́n bá sì ti ṣẹ́ po, tí wọ́n fi rọ́bà so pinpin, ẹ dá a padà. Okùn inú rẹ̀ lè ti ṣẹ́.

Ọjà Owódé Onírin ní oríṣiríṣi ju Ìkòròdú lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní torí bẹ́ẹ̀tì kan jáde ní Ìkòròdú.

Dídè é nílé

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ tú orí bátìrì, ẹ fi fóònù ya ọ̀nà tí bẹ́ẹ̀tì gbà lọ́. Sípánà 19 ló ń yí tẹ́ńṣọ́nà Corolla tèmi, ìyẹn apá onísípíríìngì tó ń fa bẹ́ẹ̀tì le. Ẹ lè ki páìpù bọ sípánà kúkúrú, ṣùgbọ́n páìpù máa ń yọ̀, sípíríìngì yẹn sì lágbára. Ẹ kúkú ra sípánà olórùka tó gùn. Irinṣẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n dìídì ṣe fún bẹ́ẹ̀tì wúlò fún mọ́tò tí àyè rẹ̀ há, kò pọn dandan fún mọ́tò kan ṣoṣo.

Bí bẹ́ẹ̀tì bá ti kúrò, ẹ fọwọ́ yí pọ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn rìbìtì tí bẹ́ẹ̀tì ń gbà lórí wọn. Èyí tó dáa á yí wẹ́rẹ́. Nígbà tí mo dé orí pọ́lì tẹ́ńṣọ́nà tèmi, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, ó sì ń mì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Bẹ́ljíọ̀mù nìkan kọ́ ló dá mi dúró l'Ògòlóńtò. Bíárìn inú pọ́lì tó bá ti kú á jẹ bẹ́ẹ̀tì yòówù, olórúkọ tàbí aláìlórúkọ, nítorí náà ẹ mú owó pọ́lì kún owó bẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó jáde nílé.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí pọ́lì kọ̀ọ̀kan kí gbogbo eyín wọ ojú ihò rẹ̀. Bí eyín kan bá yọ sí etí, kò ní pẹ́ tí bẹ́ẹ̀tì máa ya. Ẹ wá ṣáná. Bó bá ń ké, ẹ má fi ọṣẹ pa á lẹ́nu. Ẹ jìnnà díẹ̀, ẹ fi ike wọ́n omi sí ojú eyín rẹ̀. Bí ariwo bá dákẹ́ tó tún padà, pọ́lì kan ni kò tọ́, ẹ pe mẹkáníìkì. Bó bá ń ké sí i, bẹ́ẹ̀tì ń yọ̀ ni: ẹ tún nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ kà kí ẹ tó di ẹ̀bi ru tẹ́ńṣọ́nà, bó bá sì gùn ju tàtijọ́ lọ, ẹ mú rísíìtì, ẹ padà sí Sábó.