Fisiotẹ́rápì fún ìrora ìbàdí àti itan l'Ábùjá: èyí tó tó owó rẹ̀ àti èyí tí kò tó o

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún fisiotẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ń fi eré ìdárayá ṣe. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní kà á dópin. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ló ń dùn yín, tí ìrora náà ń sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ itan lọ sí orúnkún, tí ẹ kò lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn, tó sì ti ń bá yín fà á fún oṣù mélòó kan, ẹ wá oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì lọ kí ẹ tó tún ra oògùn ìrora mìíràn. Utako ni ibi tí mo lọ wà. Mi ò ní kọ orúkọ wọn, torí ọmọkùnrin tó tọ́jú mi gan-an ti jápa lọ sí Ìlú Ọba, orúkọ ilé iṣẹ́ láìsí òun níbẹ̀ kò ṣe yín ní àǹfààní kankan.

Àárọ̀ Sátidé ní pápá ìṣeré Moshood Abíọ́lá ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Àbùjá mọ ibẹ̀: orin ń dún kíkankíkan, ẹni tó ń darí wa ń fọn fèrè, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń fò sókè sódò kí oòrùn tó mú. (Láti 2019 ni wọ́n ti fi orúkọ Abíọ́lá pe pápá náà, àmọ́ bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́kọ̀, "Ṣé Stadium ni àbí ibòmíràn?" ni yóò bi yín.) Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gígun àtẹ̀gùn àti ìlósòó pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́ kún eré tí à ń ṣe. Bí mo ṣe yẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan báyìí, nǹkan fà mí níbi egungun ìbàdí òsì. Gbogbo ẹgbẹ́ ní kí n fi omi gbígbóná jó o, pé yóò lọ. Kò lọ.

Bí mo bá jókòó pẹ́ ní ìpàdé ní Sẹkitéríàtì, tí mo bá dìde, mà á máa tiro kí ẹsẹ̀ tó nà. Ọjọ́ tí lífìtì bá kú, ìyà dé nìyẹn. Níbi ìnáwó, mi ò lè dúró jó ju orin kan lọ, èmi tí wọ́n máa ń wá fọwọ́ fà kúrò lójú agbo tẹ́lẹ̀. Nínú ìrun, dídìde láti ìforíkanlẹ̀ di iṣẹ́. Òru ló wá burú jù. Bí mo bá fi òsì sùn, ìrora á jí mi. Bí mo bá yí sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì á wọ́ kọjá síwájú, ìbàdí á tún máa ta mí.

Mo ti fi Aboniki ra á, mo ti fi Robb ra á. Ara a máa fúyẹ́ díẹ̀, ó parí síbẹ̀. Diclofenac tí wọ́n kọ fún mi nílé ìwòsàn ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ oògùn tó lè dá ọgbẹ́ sínú, tó lè ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, tó sì lè pa kíndìnrín lára kì í ṣe ohun tí à ń gbé mì fún oṣù gbọọrọ, pàápàá àwa tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹbí wa. Ọmọ kẹ́mísì kan fẹ́ kì mí ní tramadol láìbéèrè ìwé dókítà; 225 ló kọ sára páálí, bẹ́ẹ̀ NAFDAC kò fọwọ́ sí èyí tó ju 100 mílígíráàmù lọ. Hajiya tó ń gbé ìtòsí wa ní Kubwa, ẹni ire ni, ní òun máa mú mi lọ sọ́dọ̀ mai ɗori tó ń to egungun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mi ò lọ. Egungun mi kò kúkú kán, kí ni yóò tò?

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní Utako ló tó gbogbo owó tí mo san. ₦15,000 ni wọ́n gbà fún àyẹ̀wò yẹn, ó sì lé ní wákàtí kan. Ọmọ Ìlọrin ni ọmọkùnrin náà, kò sì kọ́kọ́ fọwọ́ kàn mí rárá. Ìbéèrè ló ń bi.

"Mà, ẹ fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka síbi tó ń dùn yín jù."

Mo fi hàn án.

"Kò dé ibi tí itan ti pàdé ikùn?"

Mo ní rárá, ẹ̀gbẹ́ ni.

"Jẹ̀nótáìpù yín ńkọ́?"

AA ni mí. Mo bi í pé kí ló kan jẹ̀nótáìpù níbẹ̀. Ó ní fún ẹni tó bá jẹ́ SS, ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí egungun itan dáadáa mọ́, kí egungun ibẹ̀ máa kú díẹ̀díẹ̀, ibi tí itan ti pàdé ikùn ni irú ìrora bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń wà. Ẹ́síréè lè má rí i níbẹ̀rẹ̀, MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ló máa ń tètè gbé e jáde. Ó ní òun kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó jẹ́ SS bẹ̀rẹ̀ eré kankan lọ́dọ̀ òun láìjẹ́ pé dókítà egungun ti rí i. Gbogbo ibi tí mo ti lọ ṣáájú, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn.

Ó wá ní kí n dúró lórí ẹsẹ̀ òsì nìkan, kí n fi ìka kan ògiri, òun á ka ìṣẹ́jú-àáyá 30. Kò tíì ka ìdajì tí ibi tó ń jí mi lóru fi jí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti fara hàn, Mummy." Àlàyé rẹ̀ nìyí: àwọn iṣan ìdí tí kì í jẹ́ kí ìbàdí wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí a bá ń rìn ní okùn líle tó so wọ́n mọ́ kókó egungun tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Tí ẹsẹ̀ bá ti ré kọjá síwájú èkejì, okùn yẹn a máa ha kókó egungun bí okùn ìfami ṣe ń ha ẹnu kànga. Eré ọjọ́ Sátidé ló gbé ẹrù lé e ju agbára rẹ̀ lọ, ìdúró àti ìsùn ojoojúmọ́ ni kò jẹ́ kó san. Ó ní àwa obìnrin tó ti lé lógójì ọdún ló máa ń yọ lẹ́nu jù. Ó ní kí n lọ ya ẹ́síréè láti rí i pé oríkèé kò jẹ, kò sì jẹ lóòótọ́.

Ìyókù ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń dúró ló ń wò. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ọmọ sí ìbàdí rí, ẹ mọ bí a ṣe máa ń yọ ìdí sí ẹ̀gbẹ́ kan tí a bá tò sídìí ATM. Ó ní kí n yé e ṣe. Kí n yé kọ́ ẹsẹ̀ léra tí mo bá jókòó. Kí n fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún méjèèjì lóru, kí èyí tó wà lókè má baà ṣubú síwájú. Kí n di àga mú tí mo bá ń dìde nínú ìrun, títí iṣan yóò fi lágbára. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ó ní n kò gbọdọ̀ na ibẹ̀ mọ́: nínà tí wọ́n máa ń kọ́ wa ní Stadium, tí a ń fa orúnkún kọjá sí èjìká kejì, ó ní ṣe ló ń tẹ okùn iṣan yẹn mọ́ egungun. Ìrọ̀rí yẹn nìkan, kó tó pẹ́ púpọ̀, mo ti ń sùn mọ́jú.

Eré tó fún mi kò fani mọ́ra rárá. Kí n dùbúlẹ̀, kí n so rọ́bà mọ́ itan méjèèjì, kí n máa tì í síta láì jẹ́ kí ẹsẹ̀ kúrò lójú kan. Kí n gbé ìdí sókè kúrò nílẹ̀. Kí n máa dìde lórí àga díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, kí n máa yẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú rọ́bà, lẹ́yìn náà kí n máa gun àkàsọ̀ kan ṣoṣo. Òfin rẹ̀ ni pé kí n fi nọ́ńbà díwọ̀n ìrora láti 0 dé 10: kò gbọdọ̀ ju 5 lọ nígbà tí mo bá ń ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ ti lọ sílẹ̀ tí ilẹ̀ bá fi mọ́. Tí kò bá lọ sílẹ̀, eré ọjọ́ náà pọ̀ jù nìyẹn, mà á dín in kù. Òfin yìí ló gbà mí lọ́wọ́ ìbẹ̀rù, torí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ti ń sá fún gbogbo ohun tó bá ti ń ta mí.

Dókítà kan ti sọ ṣáájú pé kí n gba abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, ìyẹn oògùn tó ń pẹ̀rọ̀ wíwú àti ìrora, sí ìbàdí. Ọmọkùnrin yìí kò ní kí n má gbà á, ṣùgbọ́n ó fi ìwádìí kan hàn mí tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ ní 2018. Èèyàn 204 tó ní irú ìrora yìí ni wọ́n pín sọ́nà mẹ́ta: àwọn kan gba ẹ̀kọ́ àti eré, àwọn kan gba abẹ́rẹ́ kan, wọ́n ní kí àwọn yòókù máa wò ó ná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, nǹkan bíi 77 nínú 100 àwọn tó ṣe eré ló ní ara àwọn ti yá dáadáa, àwọn alábẹ́rẹ́ jẹ́ bíi 58, àwọn tó ń wò ó jẹ́ 29. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn eléré wà ní bíi 79, àwọn alábẹ́rẹ́ ṣì wà ní 58, àwọn tó ń wò ó ti dé 52. Mo wo 58 sí 52 yẹn, mo mú abẹ́rẹ́ kúrò lọ́kàn.

Ó wá ku ohun tó bí mi nínú. Tí èèyàn bá dé lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, ₦10,000 ni wọ́n ń gbà nígbà tí mo lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á fẹ́ tẹ́ ẹ sábẹ́ iná pupa, wọ́n á fẹ́ so ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n rìrì mọ́ ọn lára, owó ọ̀tọ̀ sì ni fún ìkọ̀ọ̀kan. Iná pupa yẹn dùn, mi ò purọ́. Mo sùn lọ lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó dé oríta Berger, ìrora ti padà. Ọmọkùnrin wa fúnra rẹ̀ fẹnu kẹ́lẹ́ sọ fún mi pé ọ̀gá ló fẹ́ kí ẹ̀rọ máa pawó. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ níwájú kántà pé eré nìkan ni mo bá wá. Wọ́n bojú jẹ́, wọ́n gbà. Ọjọ́ tí iná NEPA bá lọ, tí gẹnẹrétọ̀ sì kọ̀, àwọn tó bá ẹ̀rọ wá á kàn jókòó máa fẹ́ ara wọn ni.

Nínú àwọn nǹkan tí mo rà, rọ́bà ìdárayá ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ọjà Wuse ni mo ti ra mẹ́ta tí agbára wọn ò dọ́gba, owó wọn kò tó ti ìjókòó kan ní Utako. Ẹ ra aláṣọ, oní rọ́bà lásán máa ń ká, á sì máa fa irun ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọwọ́ra tó ń gbá ara gbì-gbì-gbì dára fún iwájú itan tó bá le, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sórí kókó egungun ẹ̀gbẹ́ ìbàdí; ọjọ́ tí mo gbé e síbẹ̀, mi ò sùn. Bẹ́líìtì ìbàdí? Ẹni tó bá lè wọ̀ ọ́ nínú ooru oṣù kẹta Àbùjá, mo kí i.

Ní báyìí, mo ń gun àtẹ̀gùn Sẹkitéríàtì láìdi irin mú, mo ń fi òsì sùn, mo sì ti padà sí Stadium, àmọ́ mi ò bá wọn lósòó pẹ̀lú ẹrù mọ́. Oṣù bíi mẹ́rin ló gbà. Tí mo bá fo eré lọ́sẹ̀ kan, ìbàdí á rán mi létí.

Ìrora tó bá ní ibà nínú, tó ń jẹ́ kéèyàn máa rù, tó mú ara kú tàbí tó dí ìtọ̀ lọ́nà, tàbí àgbàlagbà tó ṣubú tí kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ka fisiotẹ́rápì wà ní National Hospital àti ní ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Gwagwalada. Ẹ̀yin ará Kánò, ilé ìwòsàn egungun ìjọba àpapọ̀ wà ní Dala. Tó bá jẹ́ ti aládàáni lẹ fẹ́, ẹ béèrè ìwé àṣẹ Medical Rehabilitation Therapists Board lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tọ́jú yín. Tí ẹ bá ní HMO (ilé iṣẹ́ ìdójútòfò ìlera), ẹ kọ́kọ́ gba ìwé láti ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ yín mọ́, kí ẹ sì dúró gba kóòdù ìyọ̀ǹda kí ẹ tó gbéra nílé, torí ẹni tó bá débẹ̀ láìní kóòdù, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti san án.