Ẹ ṣọ́ra o: ọmọ edé odò ni wọ́n ń tà fún wa ní orúkọ edé pupa

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń sin ẹja nínú gíláàsì ní Kàbà, Ìyàrá, Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀, okun o. Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń ta edé pupa, edé kékeré tí a ń sin pẹ̀lú ẹja inú gíláàsì. Ọkùnrin kan wà tó ń polówó lórí WhatsApp. Ó ní Lọ́kọ́jà lòun wà, òun á sì fi ọkọ̀ gbé e wá sí gáréèjì ìlú yín. Ó ti gbowó lọ́wọ́ mi, ó sì ti gbowó lọ́wọ́ èèyàn méjì mìíràn tí mo mọ̀. Mi ò lè fi orúkọ júwe rẹ̀ fún yín, torí orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjà rẹ̀ lẹ máa fi dá a mọ̀.

Edé tí àwọn apẹja ń fi ìgèrè kó nínú Odò Ọya, tí a ń yan, tí a ń fi se ọbẹ̀, òun ló ń kó sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì kéré, tó ń pè é ní edé pupa ilẹ̀ òkèèrè.

Àpótí gíláàsì tiwa gba nǹkan bí 60 lítà omi, pálọ̀ ló wà, ó sì ti lé ní ọdún méjì tí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Guppy, ìyẹn ẹja wẹ́wẹ́ kan tí a ń sin nínú gíláàsì, 14 ló wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn, pẹ̀lú ìgbín omi díẹ̀ àti ewéko. Ọmọbìnrin mi ló ni wọ́n ní tòótọ́. Òun ló ń fún wọn lóúnjẹ kó tó lọ síléèwé, ó sì sọ gbogbo wọn lórúkọ. Ó pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun ra edé pupa sí i, èmi náà sì rí i pé ó dáa, torí edé pupa máa ń jẹ oúnjẹ tí ẹja bá ṣẹ́kù, ó máa ń họ ewédò tó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì, kì í sì í fọwọ́ kan ẹja.

₦1,500 ló pe ọ̀kan. Mo ra 20, ó di ₦30,000. Ó ní kí n fi ₦6,000 kún un fún oúnjẹ tó máa jẹ́ kí wọ́n pọ́n dáadáa, kí n sì san ₦3,000 fún awakọ̀. ₦39,000 lápapọ̀, mo sì san gbogbo rẹ̀ láìtíì fojú kan edé kan ṣoṣo. Fọ́tò ni mo rí. Edé pupa fòò lórí ewéko tútù, ó rẹwà, àmọ́ fọ́tò náà kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí mo tú ọ̀rá náà nílé, edé tó wà níbẹ̀ mọ́ gaara bí omi. Èèyàn ń rí ìfun wọn láti ìta, ilà tín-ín-rín kan tàbí méjì ló sì wà lára wọn. Ibo ni pupa wà? Mẹ́ta ti kú. Mo pè é. Ó ní, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ ni wọ́n ṣì jẹ́, ìrìn àjò ló sì jẹ́ kí àwọ̀ wọn ṣí. Ẹ ṣáà máa fún wọn ní oúnjẹ yẹn, kó tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n á pọ́n bí ata." Nípa àwọn mẹ́ta tó kú, ó ní wọn ò kú, pé èèpo lásán tí wọ́n bọ́ ni.

Ẹ wo bí irọ́ ọkùnrin yìí ṣe rí. Ó ń po òótọ́ mọ́ ọn. Òótọ́ ni pé àwọ̀ edé pupa máa ń ṣí tó bá rìnrìn àjò. Òótọ́ ni pé oúnjẹ dáadáa lè mú kí pupa rẹ̀ dán sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni pupa lára ni oúnjẹ ń bá tún un ṣe. Kò sí oúnjẹ tó máa sọ edé odò di edé pupa. Bẹ́ẹ̀ náà ni edé máa ń bọ́ èèpo bó ṣe ń dàgbà. Èèpo fúyẹ́, ó ṣófo, ó mọ́ bí ọ̀rá, ó sì máa ń là lẹ́yìn ọrùn. Èyí tó kú ní ẹran nínú, ara rẹ̀ á sì ti funfun tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí edé tí a bọ̀. Àwọn mẹ́ta tèmi ní ẹran nínú. Ojú mi rí i, mo sì tún gba ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà gbọ́.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọmọ mi ka guppy rẹ̀ láàárọ̀, ó ní 13 ni. Mo ní kó tún un kà. 13. Lọ́jọ́ kẹta ó di 11. A wá abẹ́ àga, a wá ẹ̀yìn tábìlì, bóyá wọ́n ń fò jáde. Mo fi nẹ́ẹ̀tì bo orí àpótí náà. Nígbà tó di mẹ́sàn-án, ọmọ náà kọ̀, kò kà wọ́n mọ́. Ó kàn máa ń gbé oúnjẹ wọn dà sí i, á sì gbé báàgì rẹ̀, á lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi dákẹ́, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì láti wò ó bóyá ẹja ń mí dáadáa. Ohun tí mo rí ni edé kan lẹ́bàá òkúta, ó na ọwọ́ gígùn méjì tó rí bí ẹ̀mú síwájú, ó fi di guppy kan mú, ó sì ti jẹ ìrù rẹ̀ tán. Ẹja náà ṣì ń mí. Ọmọ mi wà lẹ́yìn mi. Igbe tó ké lálẹ́ ọjọ́ náà kò tíì kúrò létí mi.

Ọ̀sán ni edé wọ̀nyí máa ń sá pamọ́ sábẹ́ òkúta. Òru ni wọ́n ń ṣọdẹ, nígbà tí ẹja kékeré bá ti lọ sinmi nísàlẹ̀ omi. Ìdí nìyẹn tí èèyàn ò fi ní rí wọn mú.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti pẹ́ tó ti ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja ní Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, wá kí wa. Ẹ̀ẹ̀kan ló wò ó. Ó ní, "Ta ló tan ọ́ báyìí, àbúrò mi? Edé ọbẹ̀ nìyí." Àwọn onímọ̀ ń pe ẹ̀yà wọn ní Macrobrachium. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Macrobrachium vollenhovenii, lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, akọ rẹ̀ sì máa ń hu ọwọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ara rẹ̀. Fojú inú wo irú ẹranko bẹ́ẹ̀ nínú àpótí 60 lítà pẹ̀lú guppy. Kódà, wọ́n máa ń jẹ ara wọn, pàápàá èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀.

Edé pupa gan-an, Neocaridina davidi, ìlà oòrùn Éṣíà ló ti wá, ní àwọn ilẹ̀ bíi Ṣáínà àti Taiwan. Èèyàn ló ń ṣa àwọn tó pọ́n jù, tó ń mú wọn gun ara wọn, títí pupa náà fi dúró. Tó bá dàgbà tán, sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́rin ni, kì í sì í sábà lo ju ọdún kan sí méjì láyé. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó rà á. Ọwọ́ rẹ̀ kéré gan-an, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ tó kù. Ó ń fi í ṣa oúnjẹ sẹ́nu láìdúró, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Edé odò ní tirẹ̀, láti kékeré ni ẹ ó ti rí ọwọ́ méjì tó yọ síwájú, tó gùn ju àwọn yòókù lọ. Tẹ́ ẹ bá rí ọwọ́ yẹn, ẹ dá ọ̀rá náà padà fún awakọ̀.

Ẹyin náà máa ń sọ òtítọ́. Ọkùnrin náà ṣèlérí fún mi pé láàárín oṣù méjì wọ́n á ti bí ọmọ kún gíláàsì mi. Abo edé pupa máa ń gbé ẹyin 20 sí 30 sábẹ́ ìrù rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹyin náà tóbi débi tí ojú lásán lè kà á, ọmọ tó bá sì jáde ti di edé kékeré pátápátá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin wẹ́wẹ́ ni edé odò ńlá máa ń gbé ní tirẹ̀, àwọn ọmọ tó ń jáde níbẹ̀ kò sì tíì jọ edé. Omi tó ní iyọ̀ díẹ̀, irú èyí tó wà níbi tí odò ti ń wọ òkun, ni wọ́n nílò kí wọ́n tó lè dàgbà. Kò sí bí wọ́n ṣe máa yè nínú omi kànga Kàbà.

Obìnrin kan ní Ìsánlú ra tirẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí kan náà ní orúkọ edé búlúù. Nígbà tó fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí, mo rí i pé Atya gabonensis ni. Edé yìí kò ní ẹ̀mú rárá. Abẹ̀bẹ̀ onírun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ síbi tí omi ti ń sáré, ó sì ń fi gba oúnjẹ wẹ́wẹ́ tó bá ń kọjá lọ. Kì í pa ẹja kankan. Àwọn odò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tiwa níbí ló ti ń wá, ó sì dùn ún wò gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó tà á kò sọ fún obìnrin yìí pé omi tó ń ṣàn dáadáa ló ń fẹ́, pé tí omi bá dúró jẹ́ẹ́ tó sì mọ́ jù, ebi ló máa pa á. Ebi náà ló sì pa á, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí dùn mí ju ti guppy mi lọ. Ká ní ó tà á ní orúkọ rẹ̀ gan-an, kó sì sọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, èmi fúnra mi ì bá rà á.

Ohun tó burú jù wá kù. Nígbà tí mo fẹ̀sùn kàn án, ó ní omi mi ló ní àrùn, ó sì fẹ́ ta oògùn kan fún mi ní ₦4,000. Mo ní kó ya fọ́tò ara ìgò náà. Copper sulphate ló wà lára rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bàbà nìyẹn! Ìwọ̀n bàbà tí ẹja lè fara dà lè pa gbogbo edé inú omi, ó sì ń pa ìgbín. Arákùnrin kan ní Mọ̀pà, tó ti ní edé pupa gidi tẹ́lẹ̀ láti Ìbàdàn, ra oògùn yẹn, ó sì dà á sí i nírọ̀lẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sí edé kan tó ń mira. Oògùn yòówù kẹ́ ẹ fẹ́ lò níbi tí edé bá wà, ẹ ka ara ìgò rẹ̀ ná, ẹ wá bàbà níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣe fídíò edé náà, kó kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní sórí bébà, kó sì gbé bébà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì rẹ̀. Ẹni tó ní edé níwájú kò ní lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láti ṣe é. Ẹ ní kó fi àgbà hàn yín, kó fi abo tó gbé ẹyin hàn yín. Ẹ má san ju ìdajì lọ kó tó dé. Tó bá dé, ẹ bẹ̀rẹ̀ fídíò kẹ́ ẹ tó tú ọ̀rá, kí òkú tó bá wà níbẹ̀ lè hàn. Kí àpótí yín ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú, nítorí edé kì í fara da omi tuntun, kẹ́ ẹ sì máa kán omi yín sínú omi tó bá a wá díẹ̀díẹ̀, bíi wákàtí kan sí méjì, kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé.

Ẹni tó bá ti ra irú tèmi, kó má dà á sí odò tàbí ìṣàn omi ẹ̀yìnkùlé, torí àrùn inú gíláàsì lè bá a lọ. Ike ńlá tó lómi nínú ni mo kó tèmi sí, mọ́kànlá ló kù. Tí alẹ́ bá lẹ́ lónìí, ẹ pa iná pálọ̀, ẹ dúró bí wákàtí kan, kẹ́ ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ òkúta àti ìdí ewéko. Edé yòówù tẹ́ ẹ bá rí tó na ọwọ́ gígùn méjì síwájú, ẹ bù ú jáde lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tó lọ sùn.